Ẹ bi omi léèrè kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ sí Dungeness

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá ọ̀sán kan tó láti fi ọkọ̀ róbà sọ̀kalẹ̀ láti ibi tí ẹ ju ìdákọ̀ró sí, kí ẹ lọ wo Dungeness, àwókù ilé àwọn Carnegie ní Cumberland Island, erékùṣù kan ní Georgia, Amẹ́ríkà. Ó tó. Àmọ́ kì í ṣe agogo ọwọ́ ni kí ẹ máa wò, omi ni.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, omi kún bámúbámú. Mo wa ọkọ̀ róbà wọ etí koríko, mo so ó mọ́ igi, mo bá tèmi lọ. Ní etíkun Georgia yẹn, omi máa ń ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 7, kò sì ju bíi wákàtí 6 lọ kó tó fà tán. Ìgbà tí mo máa fi padà dé, ọkọ̀ ti jókòó sórí ẹrẹ̀, omi ti lọ jìnnà réré. Mo ní kí n wọ́ ọ. Ìṣísẹ̀ kẹta, ẹrẹ̀ gbé mi dé orúnkún, ó gba bàtà ẹsẹ̀ òsì mi, ìkarahun tó mú bí abẹ sì là mí ní àtẹ́lẹsẹ̀. Mo jókòó sínú ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n háyà láti ṣọ́ ẹrẹ̀, ó di alẹ́ kí omi tó wá gbé mi.

Èbúté Sea Camp ni kí ẹ lọ. Ẹ má so ọkọ̀ síbi tí ọkọ̀ ojú omi akérò láti ìlú St. Marys ń gúnlẹ̀ sí o. Ọgbà ìjọba àpapọ̀ ni erékùṣù náà, ẹ máa sanwó ìwọlé bí ẹ tilẹ̀ wa ọkọ̀ ara yín wá. Ẹ gbé omi mímu àti oúnjẹ dání, kò sí ṣọ́ọ̀bù lórí erékùṣù náà.

Thomas Carnegie, àbúrò Andrew Carnegie olówó irin nì, àti Lucy ìyàwó rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ilé ọ̀hún ní 1884. Thomas kú ní 1886, Lucy ló wá sọ ibẹ̀ di ńlá. Iná jó o ní 1959. Ògiri ló kù, àti ojú fèrèsé tí ẹ máa gbà rí ojú ọ̀run. Ẹṣin igbó ń jẹko káàkiri. Ẹ jìnnà sí wọn, wọ́n ń tani nípàá.

Ohun tí àwọn èèyàn ń sáré kọjá níbẹ̀ ni ilé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Tabby House, tó ti wà kí àwọn Carnegie tó dé. Ẹ sún mọ́ ògiri irú ilé bẹ́ẹ̀ dáadáa: wọ́n á sun ìkarahun di ẹfun, wọ́n á po ó mọ́ yanrìn, omi àti ìkarahun míì, òun ni wọ́n ń pè ní tabby. Irú ìkarahun tó là mí lẹ́sẹ̀ náà ni. Àwọn ẹrú ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ yẹn ní etíkun yẹn láyé ìgbà náà, mo sì wo ẹsẹ̀ mi, mo ronú kan ọwọ́ tiwọn.

Ní ti Plum Orchard, ilé ńlá tí Lucy kọ́ fún ọmọ rẹ̀ George ní 1898 lórí erékùṣù náà, ẹ má fẹsẹ̀ rìn ín. Ẹ gbé ọkọ̀ ńlá gba odò Brickhill, ẹ ju ìdákọ̀ró sí iwájú ilé náà.

Kí ẹ tó sùn, ẹ yẹ ara yín wò fún eégbọn. Mẹ́ta ni mo bá lára mi, ibi tí mo ti rí ẹ̀kẹta kò ṣeé sọ níta.