Ọbẹ̀ àgbọn Táílándì láìra èròjà òkè òkun

Ẹ ní ọbẹ̀ aláwọ̀ ewé ti Táílándì tí ẹ fi kọ́rì inú agolo sè kò yàtọ̀ sí ìrẹsì alágbọn, ẹ sì ń béèrè bóyá àfi kí ẹ ra èròjà òkè òkun. Èmi náà fi àgbọn ṣòfò púpọ̀ n'Íbàdàn níbí kí ojú mi tó là.

Kì í ṣe kọ́rì lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n fi ń se kaeng khiao wan, ìyẹn ọbẹ̀ aláwọ̀ ewé náà. Ata tútù tí kò tíì pọ́n ló fún un ní àwọ̀ rẹ̀, nítorí náà ẹ ní kí alátà ṣa ata wẹ́wẹ́ tútù fún yín. Ewé tíì tí a ń sè mu nígbà ibà ló tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ni ẹ ó lò: ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ẹ bó o títí ẹ ó fi kan ibi funfun tó rọ̀, ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, kí ẹ sì fi iyọ̀ gún un ṣáájú atalẹ̀, aáyù, àlùbọ́sà àti ata, nítorí kì í kúnná mọ́ bí nǹkan olómi bá ti wọ odó. Edé gbígbẹ ló kẹ́yìn. Irú ni mo kọ́kọ́ fi dípò rẹ̀. Ọkọ mi tọ́ ọ wò, ó sì béèrè ibi tí àmàlà wà.

Àgbọn gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ rin méjì, ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ fún un, kí ẹ ya oje àkọ́fún tó ki sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Èyí tó ki ni ẹ ó gbé kaná láìfi òróró sí i, tí ẹ ó máa rò ó títí omi rẹ̀ yóò fi fà, tí òróró tirẹ̀ yóò sì tú sétí ìkòkò bí ìgbà tí ọbẹ̀ ata bá dín. Inú rẹ̀ ni ẹ ó ti dín èròjà tí ẹ gún. Bí ó bá jẹ́ oje àgbọn inú agolo ni ẹ ó lò, òmíràn ní ohun amúǹkanki tí kì í jẹ́ kí òróró yà, ẹ fi ṣíbí òróró kan ràn án lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni adìẹ, oje kejì, ikàn àti ṣúgà díẹ̀ yóò wọlé.

Ẹ sọ ìkòkò kalẹ̀ kí ẹ tó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Mo fún un sínú èyí tó ń hó rí, ó sì korò. Ìgbà yẹn náà ni ẹ ó já èfìnrín sí i, ewé mélòó kan péré, nítorí òórùn kànáfùrù inú tiwa lágbára ju ti irú ewé tí àwọn ará Táílándì ń lò lọ.