Wáyà nẹ́tíwọ̀kì fún orin: má tíì sanwó Cat 8 yẹn

Àbúrò, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní o ti kan òrùlé ilé tí ò ń kọ́ ní Òbá-Ilé, àwọn tó máa rẹ́ ẹ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kọ̀ǹpútà tí o kó orin FLAC rẹ sí (fáìlì orin tí wọ́n fún mọ́ra láìgé nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀) á wà ní yàrá òkè, streamer (ẹ̀rọ tó ń gba orin látorí nẹ́tíwọ̀kì) àti amplifier á wà ní pálọ̀, àárín méjèèjì tó mítà 18. Ẹni tó fẹ́ tajà fún ọ wá ní àfi dandan kí o ra Cat 8 (ọ̀kan nínú oríṣi wáyà nẹ́tíwọ̀kì, bíi Cat 5e àti Cat 6) tí wọ́n fi fàdákà bò lára, pé bí bẹ́ẹ̀ kọ́, báàsì ò ní rinlẹ̀, ohùn akọrin á sì máa han. O ń bi wá bóyá òótọ́ ni.

Kì í ṣe òótọ́. Ra Cat 6 lásán, èyí tí kò ní fóìlì nínú, tó jẹ́ bàbà gidi, kí o fi owó tó kù ra kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn sí pálọ̀. Ǹ bá dákẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe máa ń rí. Tí wọ́n bá ti sọ fún èèyàn pé nǹkan kan á jẹ́ kí gángan máa dún bí ẹni pé onílù jókòó sórí àga ẹni, ọwọ́ á ti wà lápò kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Ó ti ṣe èmi náà rí.

Ní bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, nílé wa ní Ìjàpọ̀, mo fi owó tí mo tọ́jú fún táyà ọkọ̀ ra wáyà kan ṣoṣo, mítà 5 péré. Ó nípọn bí ìka ọwọ́, wọ́n hun òwú dúdú sí i lára, irin tó ń kọ mọ̀nà ni ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tì í bọ ẹ̀yìn streamer, mo gbé King Sunny Adé sí i, mo sì búra fún ìyàwó mi pé mo ń gbọ́ ìka onígìtá lórí okùn. Ó ní òun ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Mo ní etí rẹ̀ ni.

Ọmọ mi ọkùnrin, tó wà ní SS 2 nígbà yẹn, ló wá tú àṣírí mi. Ó ní, "Dádì, ẹ jókòó, ẹ kọjú sí spíkà, ẹ má wẹ̀yìn o. Màá máa pààrọ̀ wáyà, kí ẹ máa sọ èyí tó wà níbẹ̀." Wáyà méjì la lò: olówó iyebíye yẹn, àti búlúù kan tó bá ráúta wá nínú páálí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló ṣe é. Márùn-ún ni mo gbà. Ẹni tó dijú tó ń méfò náà á gba márùn-ún. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹjọ, mo na ìka sókè, mo ní, "Hẹn-ẹ̀n! Gbọ́ bó ṣe mọ́ kedere. Èyí ni wáyà!" Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Mo wẹ̀yìn. Wáyà méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀rọ.

Orin sì ń lọ ní tirẹ̀.

Ohun tó fà á ni pé streamer kì í dúró de dátà kó tó di orin. Á ti bù ú pamọ́ sínú mẹ́mọ́rì rẹ̀ ṣáájú, bí ìgbà tí a bá pọn omi kún àmù. Inú àmù lo ti ń bu mu, kì í ṣe inú odò. Tèmi lọ fún bí ìṣẹ́jú kan láìsí wáyà kó tó dákẹ́. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé odidi orin ni wọ́n máa ń kó sínú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí o bá wá ní omi lè dọ̀tí lójú ọ̀nà, ó lè ṣẹlẹ̀ sí omi, ṣùgbọ́n dátà kì í wá báyẹn. Ìdì kéékèèké ni wọ́n máa ń dì í sí kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, ìdì kọ̀ọ̀kan ló sì ní nọ́ńbà àyẹ̀wò lára. Tí nọ́ńbà yẹn ò bá bá ohun tó wà nínú ìdì mu, ẹ̀rọ á dà á nù, á sì ní kí wọ́n tún un rán. Èyí tó bàjẹ́ kì í dé etí rẹ bí báàsì tí kò rinlẹ̀. Tó bá bàjẹ́ lóòótọ́, ìwọ fúnra rẹ á mọ̀, torí orin á máa já tó-tó-tó tàbí kó dákẹ́ pátápátá.

Wo ìṣirò rẹ̀ náà. Orin CD, 16-bit, 44.1 kHz, jẹ́ kílóbíìtì 1,411 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní hi-res, 24-bit, 192 kHz, jẹ́ 9,216, kò tíì pé mẹ́gábíìtì 10, FLAC á sì tún fún un mọ́ra sí i. Cat 5e tó jẹ́ wáyà àtijọ́ ń gbé mẹ́gábíìtì 1,000 fún mítà 100. Cat 6 tí mo ní kí o rà ń gbé 10,000 tí kò bá ju mítà 55 lọ. Cat 8 jẹ́ wáyà inú ilé kọ̀ǹpútà ńláńlá, àwọn tó ń fi 40,000 ránṣẹ́ láàárín mítà 30. Kí lo fẹ́ fi ìyẹn kó ní Òbá-Ilé? Èyí tí wọ́n ń pè ní Cat 7, àjọ TIA ti Amẹ́ríkà tó ń ṣe òfin wáyà wọ̀nyí ò tilẹ̀ kà á sí. Fi í sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n má lọ sọ pé mo ní wáyà kan ò yàtọ̀ sí èkejì. Wáyà lè ba orin jẹ́, àmọ́ kì í gba ibi tí àwọn ọlọ́jà ń tọ́ka sí. Wáyà olówó iyebíye mi yìí náà ló kọ́ mi.

Lẹ́yìn tí mo ra ínfátà, tí mo gbé kọ̀ǹpútà orin lọ sórí rẹ̀, spíkà bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Tí orin kan bá parí, kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, wàá gbọ́ ọ: mmmm, bí oyin inú ihò igi. Mo pààrọ̀ wáyà tó lọ láti streamer sí amplifier, ó ń kùn. Mo gbé amplifier lọ bá ẹnì kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ìsìkàn, ó gba owó, ó yọ capacitor méjì tí kò ṣe nǹkan kan, ó fi tuntun sí i, mo gbé e délé, ó ń kùn. Oṣù méjì gbáko. Ìgbà tó sú mi ni mo rántí ohun tọ́mọ mi ṣe. Mo jẹ́ kí orin bẹ̀rẹ̀, mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo fa wáyà nẹ́tíwọ̀kì yọ. Kíkùn yẹn dákẹ́ wẹ́lo, orin ò dúró. Mo tì í padà, ó bẹ̀rẹ̀. Mo fà á, ó dákẹ́. Mo ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kí n tó gbà.

Báyìí ló ṣe rí. Nínú ihò nẹ́tíwọ̀kì ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, transformer kékeré wà tó ń jẹ́ kí dátà kọjá láìjẹ́ kí ara ẹ̀rọ kan kan ti èkejì. Wáyà tí kò ní fóìlì, tó jẹ́ pé ike lásán ni ẹnu rẹ̀, ò lè ba ètò yẹn jẹ́. Tèmi ní fóìlì, ó ní irin híhun, irin sì ni ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ó wá so ara kọ̀ǹpútà mọ́ ara streamer ní tààràtà. Iná díẹ̀ máa ń jò jáde lára pawà kọ̀ǹpútà. Tí ilé ò bá ní ẹ́ẹ̀tì tó dáa, bí ọ̀pọ̀ ilé wa, ìyẹn náà ló máa ń ta ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí o bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan irin ara rẹ̀. Iná yẹn rí ọ̀nà, ó gba ara fóìlì wọ streamer, ó gba ibẹ̀ wọ amplifier, ó di ohùn. Mo gbé búlúù inú páálí padà síbẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa. Torí náà, bí tìrẹ bá ń kùn lọ́jọ́ kan, kí o tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, kọ́kọ́ fa wáyà nẹ́tíwọ̀kì yọ nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́. Bí kíkùn ò bá dákẹ́, ibòmíràn ló ti wá.

Ọ̀rọ̀ bàbà gidi tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, má fojú kéré ẹ. Ọ̀pọ̀ páálí Cat 6 tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Mo ra irú ẹ̀ ní Oyèmẹ́kùn, mo fà á gba inú sílìn, kò pé ọdún kan tó ti ṣẹ́ níbi tí a ti tẹ̀ ẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù, sọ fún wọn kí wọ́n bó ẹnu rẹ̀ díẹ̀ fún ọ. Fi abẹ ha okùn kan. Bí ó bá pupa dénú, bàbà ni. Bí funfun bá yọ lábẹ́ pupa, má rà á, bó ti wù kí wọ́n pè ọ́ ní kọ́sítọ́mà tó. Páálí bàbà gidi tún máa ń wúwo gan-an lọ́wọ́ ju ìkejì lọ.

Tí o bá fẹ́ di ẹnu rẹ̀ fúnra rẹ, bí àwọ̀ okùn mẹ́jọ inú rẹ̀ ṣe máa tò tẹ̀léra nìyí: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-búráwùn, búráwùn, ẹnu méjèèjì bákan náà. Má tú lílọ́ wọn ju 13 mm lọ. Bí ráúta bá ń fi mẹ́gábíìtì 100 hàn dípò 1,000, ó ṣeé ṣe kí okùn kan má kan ara dáadáa. 100 tó fún orin, ṣùgbọ́n tún un dì, torí èyí tó ń kan lónìí lè má kan mọ́ lọ́la.

O tún ní o fẹ́ fa wáyà lọ sí BQ tó bá yá. Má fi bàbà ṣe ìyẹn. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún kan, àrá sán nítòsí wa, mọ̀nàmọ́ná gba wáyà tí mo fà láti ilé ńlá lọ sí BQ wọlé, ráúta àti streamer kú lẹ́ẹ̀kan náà. Fáíbà ni mo ń lò níbẹ̀ báyìí, pẹ̀lú àpótí kékeré kan ní ẹnu kọ̀ọ̀kan tó ń sọ iná di ìmọ́lẹ̀. Gíláàsì ni inú rẹ̀, iná ò lè gbà á kọjá.

Ti ògiri ló kù, òun ló sì kánjú jù. Ra páìpù 25 mm, kí wọ́n gbẹ́ ọ̀nà rẹ̀ lọ́tọ̀ sí ti iná ilé, kó jìnnà sí i tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Níbi tí méjèèjì bá ti gbọ́dọ̀ pàdé, kí ọ̀kan dábùú èkejì kó kọjá, kí wọ́n má jọ rìn. Fa wáyà méjì sínú rẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan, kí o tún fi okùn ọ̀rá sílẹ̀ níbẹ̀ tí o lè fi fa òmíràn lọ́jọ́ iwájú. Fi tester yẹ méjèèjì wò kí àwọn tó ń rẹ́ ilé tó po sìmẹ́ńtì. Wọ́n á ní kí o jẹ́ kí àwọn rẹ́ ẹ ná, pé ẹ ó yẹ̀ ẹ́ wò tó bá yá. Wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà. Ihò tí a tún lù sí ògiri ṣì wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n mi, kàlẹ́ńdà ni mo fi bò ó.