Odò Májídùn tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà mi

Àbúrò, ìwọ tó o ní o ti mọ Python díẹ̀, tó o fẹ́ràn físíìsì àti ìṣirò láti girama, tó o wá ń bèèrè bóyá kó o kọjú sí scientific computing (fífi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò sáyẹ́ǹsì) àbí kó o máa kọ wẹ́ẹ̀bù bíi tàwọn ọ̀rẹ́ rẹ, mo ti ka ìbéèrè rẹ. Ọdún kọkànlá mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ìkòròdú ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà. Fara balẹ̀, èsì mi ò ní kúrú.

Ká ti ọ̀rọ̀ owó kúrò lọ́nà ná. Tó bá jẹ́ owó tó ń tètè wọlé lò ń wá, wẹ́ẹ̀bù ni kó o lọ. Mi ò fi bú ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń kọ áàpù fún báǹkì ń gbowó gidi, iṣẹ́ wọn sì pọ̀ nígboro. Tiwa ò pọ̀ nílẹ̀ yìí: àwọn tó ń wá epo rọ̀bì, àwọn tó ń ṣèwádìí omi àti ilẹ̀, yunifásítì, àti iṣẹ́ òkèèrè téèyàn ń jókòó sílé ṣe. Odindi ọdún méjì àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà oníkọ̀ǹpútà ni mò ń tún ṣe lẹ́bàá ọjà kí n tó rówó ra dátà. Ìyàwó mi mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ní ọdún kẹta, iléeṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ gbéṣẹ́ fún wa. Wọ́n fẹ́ ká fi kọ̀ǹpútà wo bí omi ọ̀sà ṣe máa rìn tí òjò bá pọ̀, tí dáàmù Ọ̀yán sì tú omi sínú odò Ògùn. Ẹni tó bá ń gba ojú ọ̀nà Ìkòròdú mọ ohun tí mò ń wí. Ajégúnlẹ̀ kì í gbọ́ ìròyìn omi yẹn lẹ́nu ẹnì kankan, inú yàrá ló ń bá wọn. Èmi ni mo kọ kóòdù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wàá da àwọ̀n bo gbogbo ojú omi náà nínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á wá máa ṣírò ìjìn omi àti eré rẹ̀ nínú ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan, láti ìgbésẹ̀ dé ìgbésẹ̀. Mítà 500 ni mo fi ṣe ìbú ojú àwọ̀n tèmi, torí laptop mi ò lè gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́. Àwòrán rẹ̀ rẹwà. Wọ́n sanwó ìdajì.

Ọjọ́ tá a gbé e lọ sí Májídùn kí àwọn ará àdúgbò wò ó, bàbá kan tó ń pẹja níbẹ̀ gba bébà náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó títí. Wọ́n fi ìka tọ etí ọ̀sà láti apá kan dé èkejì, wọ́n tún padà sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, odò wa dà?"

Mo ní, odò wo, Bàbá?

"Eléyìí tá a dúró tì yìí."

Mo wo bébà. Mo wo omi tó ń ṣàn lẹ́yìn wọn. Odò ò sí níbẹ̀. Odò Májídùn tẹ́ẹ́rẹ́ ju ojú àwọ̀n mi kan ṣoṣo lọ fíìfíì, kọ̀ǹpútà ti po omi mọ́ ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó pín in dọ́gba, ó sọ gbogbo ẹ̀ di ilẹ̀. Omi tó yẹ kó gba ibẹ̀ wọ àdúgbò ti yà síbòmíràn. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún bàbá, ẹ̀rín ni wọ́n rín. Wọ́n ní àwọ̀n tójú ẹ̀ fẹ̀ tó yẹn, edé wo ló fẹ́ dúró nínú ẹ̀?

Kóòdù yẹn ò ní error kankan o. Ó ṣiṣẹ́ délẹ̀, ó parí, ó yàwòrán. Irọ́ ló kàn ń pa. Wọn ò san ìdajì tó kù, mi ò sì dá wọn lẹ́bi.

Mo kọ́kọ́ rò pé kí n sọ ojú àwọ̀n di mítà 20, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bá mi ṣírò ẹ̀. Láti 500 sí 20, ìlọ́po 25 ni, lóròó àti ní ìbú, nítorí náà ojú kan á di 625. Àkókò ṣì kù. Láti 1928 ni àwọn onímọ̀ ìṣirò mẹ́ta, Courant, Friedrichs àti Lewy, ti fi hàn pé ìgbì ò gbọdọ̀ sáré kọjá ojú àwọ̀n kan láàárín ìgbésẹ̀ kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìṣirò irú tiwa yìí á fọ́ yángá. Níbi tómi bá jìn tó mítà 2, ìgbì ń sá bíi mítà 4.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú àwọ̀n mítà 500 gba ìgbésẹ̀ tó lé ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ti mítà 20 ò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ààbọ̀ lọ. Ìlọ́po 25 míì nìyẹn. 625 lọ́nà 25 jẹ́ 15,625. Iṣẹ́ tí laptop mi ń fi ìṣẹ́jú kan ṣe á wá fẹ́ẹ̀ tó ọjọ́ mọ́kànlá.

Ọjọ́ mọ́kànlá, pẹ̀lú iná Ìkòròdú! (Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí kóòdù ṣe ń gbé ibi tó dé pamọ́ lóòrèkóòrè, tó fi jẹ́ pé tíná bá lọ, ibẹ̀ náà láá ti tẹ̀síwájú. Checkpoint làwọn tó lọ yunifásítì gidi ń pè é. NEPA ló kọ́ tèmi.)

Ohun tó yọ mí ni ọ̀nà tí Marsha Berger àti Joseph Oliger gbé jáde ní 1984, adaptive mesh refinement. Wo bí onídìrí ṣe ń ya irun: níwájú orí níbi tójú gbogbo ayé wà, wẹ́wẹ́ ni, lápá ẹ̀yìn tí gèlè máa bò, gbàgàdà ni. Ọ̀nà yìí ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí omi. Níbi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀, àwọ̀n á wẹ́, á sì tún fẹ̀ padà tí ìgbì bá ti kọjá. Àwọn kóòdù ọ̀fẹ́ tó ń ṣe é wà, GeoClaw jẹ́ ọ̀kan, omi àti sùnámì gan-an ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti fẹ́ kó o gbọ́ mi dáadáa nìyí. Mo gbé e ṣiṣẹ́, mo ní kó máa sọ àwọ̀n di wẹ́wẹ́ níbikíbi tómi bá ti ń ru. Odò Májídùn ò tún yọjú! Kí ló fà á? Nínú àwọ̀n fífẹ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ nibẹ̀, omi kankan ò ru níbẹ̀, kò sì rí ìdí tó fi máa wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fa ìlà yí odò ká, mo ní, ní ibí yìí, mítà 20, yálà o rí nǹkan àbí o ò rí. Kí n tó fà á, mo padà lọ bá bàbá. Mo ra bẹntiróòlù, wọ́n wa ọkọ̀, mo ń ju okùn tá a so òkúta mọ́ sómi, mo ń kọ ìjìn rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ibi tí fóònù mi ní a wà. Ọjọ́ méjì la fi ṣe é. Ojú mi dúdú bí ìdí ìkòkò.

Mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, irọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú àtúnṣe rẹ̀, mo gbé e sórí GitHub, ìkànnì táwọn tó ń kọ kóòdù ń kó iṣẹ́ wọn sí. Ohun tó gbé mi dé ibi iṣẹ́ tí mo wà báyìí nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, kò sẹ́ni tó béèrè iye èdè kọ̀ǹpútà tí mo gbọ́. Wọ́n gbé àwòrán kan síwájú mi, wọ́n ní: kí ló lè mú kó o má gba èyí gbọ́?

Má rò pé ọ̀rọ̀ àwọ̀n nìkan ni. Tẹ 0.1 + 0.2 sínú Python rẹ, kó o wo ohun tó máa fún ọ: kì í ṣe 0.3 gẹ́lẹ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 1991, ní Dhahran ní Saudi Arabia, ẹ̀rọ Patriot tó yẹ kó já ohun ìjà Scud lulẹ̀ ń wò ó níbi tí kò sí. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ni aago rẹ̀ fi ń kà, bẹ́ẹ̀ òdo àti oókan ò lè kọ ìdá kan nínú mẹ́wàá tán, bí àwa náà ò ṣe lè kọ ìdá kan nínú mẹ́ta (0.333...) tán. Ó ń gé e díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn bíi wákàtí 100 tí wọn ò pa á, aago ti fi bíi ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá ṣìnà. Sójà Amẹ́ríkà 28 ló kú lọ́jọ́ yẹn.

Ní ti ohun tó yẹ kó o kọ́: Python pẹ̀lú NumPy (àkójọ kóòdù ìṣirò tí wọ́n ṣe fún Python) tó láti bẹ̀rẹ̀, kó o wá fi èdè C++ tàbí Fortran kún un. Má fi Fortran ṣẹ̀sín pé 1957 ló ti wà; LAPACK, àkójọ kóòdù tí NumPy ń sá lọ bá fún ìṣirò mátíríìsì, Fortran ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwọn yòókù á bá ọ lọ́nà.

Iṣẹ́ tí màá fún ọ rèé. Fi kóòdù gbé omi tó jìn ní mítà 9 sẹ́yìn ògiri kan, kí iwájú ògiri gbẹ, kí ilẹ̀ tẹ́jú, kó o wá yọ ògiri kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Ritter ti rí èsì rẹ̀ láti 1892 láìní kọ̀ǹpútà: níbi tí ògiri wà tẹ́lẹ̀, ìjìn omi á dúró sí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án, ìyẹn mítà 4. Tí tìẹ bá fún ọ ní 4.6, má fi ránṣẹ́ sí mi pé ó ti súnmọ́ ọn. Sọ àwọ̀n rẹ di ìdajì, kó o tún un ṣe, kó o wò bóyá ó ń lọ sí 4 àbí ó dúró síbẹ̀. Tó bá dúró síbẹ̀, kóòdù yẹn ní odò Májídùn tiẹ̀ níbì kan, ìgbà yẹn ni kó o wá pè mí.