Ẹ yẹ RAM wò kí ẹnikẹ́ni tó ta hard disk fún yín

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kọ̀ǹpútà yín tó ń lo Ubuntu (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows) ń dúró lójijì, fáìlì inú rẹ̀ ń bàjẹ́, ẹ wá ń bèèrè àṣẹ tí ẹ lè tẹ̀ sí terminal (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ) kí ẹ fi mọ èwo nínú RAM méjì (ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbé ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) tó wà níbẹ̀ ló ní àrùn. Mo ń bọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi ẹ̀rọ yẹn kó fáìlì kankan sórí flash. Ibẹ̀ gan-an ni òfò ti ṣe mí.

Lágere ní Ifẹ̀ níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, mo máa ń bá àwọn ọmọ yunifásítì tẹ prójẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí kọ̀ǹpútà mi bẹ̀rẹ̀ wàhálà, á ṣiṣẹ́ láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán á dúró gbagidi. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnkọ̀ǹpútàṣe kan lápá Mayfair. Kò tú u, kò yẹ nǹkan kan wò, ó ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ó fọ́ọ̀mátì ẹ̀, ó gba ₦5,000. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kejì ní hard disk ló ń kú lọ, ó ta òmíràn fún mi ní ₦18,000. Ẹnì kẹta ní motherboard ni. Ẹni mẹ́ta tó ń pe ara wọn ní ẹnjiníà, kò sí èyí tó rántí RAM, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀. Ó ń dùn mí di òní.

Lásìkò yẹn, iṣẹ́ ọmọ kan wà lọ́wọ́ mi, ojú ewé 96, ọjọ́ Ajé ló sì máa lọ dúró níwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀. Torí ẹ̀rù hard disk, alaalẹ́ ni mò ń kó o sórí flash méjì, tuntun lórí ti àná. N kò mọ̀ pé kò sí fáìlì tí kì í gba inú RAM kọjá kó tó dórí flash. Bí RAM bá sọ 0 kan ṣoṣo di 1, èyí tó ti bàjẹ́ náà lẹ máa tọ́jú. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, fáìlì náà kọ̀, kò ṣí. Mo ti flash bọ laptop ìyàwó mi: orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ pé, kò ṣí. Flash kejì, bákan náà. Ọmọ yẹn jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ̀rọ̀, ó ń so okùn báàgì rẹ̀, ó ń tú u. Bébà tó ti tẹ̀ jáde fún ọ̀gá rẹ̀ tẹ́lẹ̀ la fi tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ fún òru mẹ́ta, iná kò sì sí nínú méjì.

Ọmọ OAU kan ló wá fi Ubuntu orí flash tan ẹ̀rọ náà. Ó mú fáìlì kan tó tóbi ju RAM lọ, ó ṣe sha256sum rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àṣẹ tó ń ka fáìlì tán, tó ń fún un ní nọ́ńbà tí kì í yí padà bí fáìlì kò bá yí padà. Fáìlì kan náà, èsì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wáyà disk náà lè fa ìyẹn o, ló jẹ́ kó lo memtester, ètò tó ń yẹ RAM wò.

Ẹ fi apt (àṣẹ tí Ubuntu fi ń gba ètò wọlé) gbé memtester wọlé, ẹ ti gbogbo ohun tó ṣí pa, ẹ tẹ free -h, kí ẹ wo iye tó wà lábẹ́ available. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ tán. Bó bá jẹ́ 6.5G:

sudo memtester 5500M 3

3 yẹn ni iye ìgbà tó máa yí i po. Èmi ò mọ̀, 500M ni mo kọ́kọ́ tẹ̀. Stuck Address, ok. Checkerboard, ok. Mo ti ń dúpẹ́. Nígbà tí a fi kún un ni FAILURE jáde, torí ibi tó bàjẹ́ kò sí nínú ìwọ̀nba tí mo ní kó yẹ̀ wò. Ok kì í ṣe ẹ̀rí pé RAM pé. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ wo dmesg (ibi tí Ubuntu ń kọ ìṣòro ẹ̀rọ sí), RAM tí kò ní ECC (ohun tó ń ṣọ́ àṣìṣe inú RAM), irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà wa, kì í mọ̀ pé òun ṣàṣìṣe, kí ló fẹ́ kọ síbẹ̀?

Memtest86+, ètò àyẹ̀wò RAM tí ẹ máa fi tan ẹ̀rọ dípò Ubuntu, ló ń yẹ púpọ̀ jù wò, torí kò sí Ubuntu nídìí rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Láti ẹ̀dà 6 ló ti ń gba UEFI (ètò tó ń tan kọ̀ǹpútà òde òní). Bó bá kọ̀, ẹ pa Secure Boot, ààbò inú UEFI tó ń dínà ètò tí kò mọ̀. Ó lè gba òru kan gbáko, ẹ rí i pé iná yín dúró.

Èwo nínú méjèèjì? Memtester kò ní sọ. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà iná, ẹ fọwọ́ kan irin ara rẹ̀, ẹ yọ RAM kan, kí ẹ dán èyí tó kù wò. Lẹ́yìn náà ẹ fi èkejì sí ihò yẹn kan náà. Bí méjèèjì bá ní FAILURE níbẹ̀, ẹ fura sí ihò náà. Ẹ kọ́kọ́ fi rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ nu eyín RAM tó pọ́n bíi wúrà. Ó ti tó fún àwọn kan.

Àwọn fáìlì tí ẹ ti kó sórí flash látìgbà tí wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn kí ẹ tó pa èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín rẹ́.