Èsì: Dídá ṣe triathlon gígùn nítòsí ilé

Ọ̀gá mi, ẹ ní ṣé èèyàn lè dá triathlon gígùn ṣe nítòsí ilé, ìyẹn kéèyàn lúwẹ̀ẹ́, kó gun kẹ̀kẹ́, kó sì sáré tẹ̀ léra wọn, ó ṣeé ṣe dáadáa. Lílúwẹ̀ẹ́ 3.8 km yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò, ẹ má dá wọ odò o, púùlù ló dáa jù, tó bá jẹ́ èyí tó gùn ní 25 m ẹ máa lúwẹ̀ẹ́ láti etí kan dé èkejì lẹ́ẹ̀mejìléláàádọ́jọ, ẹ wá ẹni tó máa bá yín kà á torí iye yẹn máa ń dàrú mọ́ọ̀yàn lórí. Kẹ̀kẹ́ 180 km, ẹ wá ọ̀nà 30 km tó yípo padà sẹ́nu géètì yín, ìgbà mẹ́fà péré, omi àti túùbù táyà kẹ̀kẹ́ á ti wà lórí tábìlì níbẹ̀. Ẹ má gbé àga sí i o, mo jókòó lọ́jọ́ tèmi, díẹ̀ ló kù kí n má dìde mọ́. Eré sísá 42.2 km, alẹ́ lè lé yín bá, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì.