Ṣé òdòdó pupa ní ìtumọ̀ kan pàtó nínú àwòrán wọ́tàkọ́lọ̀ (àwọ̀ tí a ń fi omi pò) ìgbàlódé?

Rárá, kò ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Láyé ìṣáájú ní Yúróòpù, lílì funfun dúró fún ìwà mímọ́ Màríà. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún fi irú àmì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n jẹ́ kí àwọ̀ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Emil Nolde, ará Jámánì, máa ń kun òdòdó sórí bébà Japan tó ń fa omi, tí àwọ̀ kan á fi yọ́ wọnú èkejì láìsí ààlà. Georgia O'Keeffe ti Amẹ́ríkà fi wọ́tàkọ́lọ̀ ya òdòdó ìdò pupa ní 1915, ẹbí ìdò tó ń hù létí àbàtà l'Ábẹ́òkúta. Àwọn alárìíwísí ní ara obìnrin ni òdòdó rẹ̀ ń ṣàpẹẹrẹ. Ó kọ̀ jálẹ̀.

Bí o bá fẹ́ dán yíyọ́ àwọ̀ bíi ti Nolde wò, mú bébà olówùú tó nípọn (300 gíráàmù ní mítà onígun mẹ́rin kan), fi omi rin ín lójú méjèèjì, dúró kí dídán omi fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, kí o tó fi pupa kàn án. Bí omi bá ṣì dúró lórí rẹ̀, pupa á sá kọjá ààlà, bí aró ṣe ń wọ ibi tí okùn àdìrẹ ti dẹ̀ ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta. Lásìkò ọyẹ́, bébà máa ń tètè gbẹ, etí òdòdó á sì le.