Ọyẹ́ kò jẹ́ kí okùn fayolíìnì mi dúró

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà wa. Aránṣọ ni mí ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Bí mo bá ti ilé ìránṣọ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo máa ń lọ bá ẹgbẹ́ olórin àdúgbò wa. Ìfẹ́ orin la fi ń ṣe é, a kì í gbowó. Látìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni okùn fayolíìnì mi ti ń tú. Wọ́n tún fi mí sí ìsọ̀rí kejì àwọn tó ń ta fayolíìnì, àwọn tí kì í sábà ta ohùn orin gan-an. Ṣé n kò mọ̀ ọ́n ta tó ni?
Aránṣọ, Mọ́kọ́lá

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, màmá. Ọyẹ́ ń gbẹ omi ara igi, èèkàn tí okùn wé mọ́ sì ń súnkì, ìyẹn ló fi ń yọ̀. Ẹ máa tì í wọnú bí ẹ ṣe ń yí i. Bó bá ṣì ń yọ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì díẹ̀ pa á lára. Ẹ rẹ fóòmù kékeré sómi, ẹ fún un dáadáa, ẹ fi sínú ike tí ẹ ti dá lu, kí ẹ wá gbé e sínú àpótí fayolíìnì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́sàn-án. Oòrùn lè tú gọ́ọ̀mù tó mú pákó pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìsọ̀rí kejì yẹn ló ká mi lára jù. Ta ló fojú kéré omele nínú ẹgbẹ́ dùndún? Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, omele ló di ìlù mú. Ohùn àárín lẹ gbé dání, ó sì le, torí kì í sábà jẹ́ orin tí etí ti mọ̀. Ẹ ní kí olùdarí jẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ìsọ̀rí kejì bá dákẹ́.